Àwọn ilà gbọọrọ abẹ́ òkun Àtìláńtíìkì: ta ló wọ̀n wọ́n, ibo ni wọ́n sì parí sí?

Ọmọ Ìsánlú

Okun o, gbogbo ilé. Ẹni tó bá mọ̀ kó là mí lọ́yẹ̀. Mo ṣí Google Earth, mo gbéra láti orí àwọn àpáta wa níhìn-ín, mo gba Èkó bọ́ sínú òkun. Mo rí àwọn ilà gbọọrọ tó gún régé, wọ́n ti ẹ̀bá etíkun Gánà àti tiwa lọ, ó di Brazil. Ní agbedeméjì òkun, òkè kan wà tó nà láti àríwá dé gúúsù, àwọn ilà náà sì gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n ti èyí sọ́tùn-ún, wọ́n ti tọ̀hún sósì.

Ta ló wọn gbogbo èyí? Ọ̀rẹ́ mi kan ní sátẹ́láìtì ni, pé òòfà ilẹ̀, agbára tó ń fa nǹkan wálẹ̀, ni wọ́n lò. Bẹ́ẹ̀ wọ́n kọ́ wa nílé ìwé pé ìgbì rédíò kì í wọ inú omi iyọ̀ jìnnà. Báwo ni nǹkan tó wà lójú òfurufú ṣe máa mọ òkè tó wà lábẹ́ omi tó jìn tó kìlómítà mẹ́rin? Ìbéèrè kejì: ilà tó dé etíkun wa yẹn, ṣé etí omi ló parí sí, àbí ó gba abẹ́ ilẹ̀ wọ ọ̀dọ̀ wa?

Àlàbá Kàbà

Ìwọ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni. Ní 2009 tí wọ́n kọ́kọ́ fi òkun sínú Google Earth, àwọn òpópónà tó dábùú ara wọn hàn kedere lábẹ́ omi lọ́nà erékùṣù Canary. Gbogbo ayé ń pariwo pé ìlú Atlantis tó rì ni. Google ní kì í ṣe ìlú. Ẹ̀yin gbà wọ́n gbọ́? Nǹkan wà tí wọ́n ń fi pa mọ́. Ẹ fi Olókun sílẹ̀ kó sinmi jàre.

Olókùúta Ògìdì

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Bọ́ọ̀hóòlù ni mo fi ń jẹun. Èmi ni mo máa ń na wáyà sílẹ̀ láti mọ ibi tí omi wà kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ dé. Ṣùgbọ́n òòfà ilẹ̀ lójú òkun ni mo fi kọ iṣẹ́ àṣejáde mi ní yunifásítì, ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú.

Àlàbá, òpópónà tí o rí yẹn, ipa ọkọ̀ ojú omi ni. Ọkọ̀ tó ní sónà máa ń ju ìró sísàlẹ̀, á gbọ́ bó ṣe padà, á fi mọ bí omi ṣe jìn tó. Ibi tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá gbà kọjá, àwòrán ibẹ̀ á mọ́ kedere, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ọkọ̀ kankan ò gbà rí á ṣú. Ibi tí èyí tó mọ́ àti èyí tó ṣú ti pàdé ni ẹ rí bí ojú títì. Ṣùgbọ́n ohun tí o sọ wúlò, torí ó fi hàn pé oríṣi ìwọ̀n méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀ nínú máàpù yẹn. Títí di ìsinsìnyí, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ilẹ̀ abẹ́ òkun ayé ni sónà tíì wọ̀n. Tí ọkọ̀ kan ṣoṣo bá fẹ́ dá ìyókù wọ̀n, ó máa lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Gbogbo ibi tí sónà ò tíì dé, òòfà ló ń bá wa rí i.

Ọmọ Ìsánlú, òótọ́ ni wọ́n kọ́ ọ, rédà, tó jẹ́ ìgbì rédíò, kì í wọ omi. Kò sì sí ìdí tó fi máa wọ̀ ọ́. Sátẹ́láìtì ń ju rédà lu ojú omi, á ta padà, wọ́n á ka àkókò tó fi lọ tó fi bọ̀. Wọ́n ti mọ ibi tí sátẹ́láìtì fúnra rẹ̀ wà dé ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà. Tí wọ́n bá yọ ìkan nínú ìkejì, wọ́n á mọ ibi tí ojú omi ga dé àti ibi tó rẹlẹ̀ dé.

Ojú òkun ò tẹ́jú rárá. Mi ò sọ ti ìgbì o. Bí afẹ́fẹ́ dákẹ́ tí ìgbì sùn, omi á ṣì ga níbì kan, á rẹlẹ̀ níbòmíì. Òkúta wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po tó lé ní méjì ààbọ̀. Ibi tí òkè bá wà lábẹ́ òkun, ẹrù ibẹ̀ pọ̀ ju ti àyíká lọ, òòfà rẹ̀ á fa omi ẹ̀gbẹ́ sọ́dọ̀, omi á kó jọ sórí rẹ̀. Òkè tó ga ní 2,000 mítà lè gbé ojú omi sókè ní nǹkan bí 2 mítà. Níbi ọ̀gbun, ojú omi á rì. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ò lè fura, torí pé 2 mítà yẹn ti tàn ká ọ̀pọ̀lọpọ̀ kìlómítà.

Àlàbá Kàbà

Ó yé mi báyìí. Omi bo òkè bí ẹni da aṣọ bo àpótí, ohun tó wà lábẹ́ aṣọ sì ń yọ. Kí ló wá le níbẹ̀ tó fi gba ìwé kíkà?

Olókùúta Ògìdì

Rárá o, Àlàbá, kò rí bẹ́ẹ̀. Àpótí ló ń ti aṣọ sókè. Òkè abẹ́ òkun ò ti ojú omi, ọ̀pọ̀ kìlómítà omi ló wà láàárín wọn. Tó bá jẹ́ pé nǹkan fúyẹ́fúyẹ́ tí ìwúwo rẹ̀ bá ti omi dọ́gba ni wọ́n fi mọ òkè náà, ojú omi ò ní yí padà rárá. Ìwúwo ni omi ń dáhùn.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn ni pé àwọn òkè kan wà tí ẹrẹ̀ ti bò mọ́lẹ̀ pátápátá. Ojú ẹrẹ̀ náà tẹ́ pẹrẹsẹ. Sónà á gba ibẹ̀ kọjá, kò ní rí nǹkan kan. Òòfà á rí i, torí òkúta tó wà nísàlẹ̀ wúwo ju ẹrẹ̀ tó bò ó lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rí òkè gbọọrọ kan tó ti kú sábẹ́ ẹrẹ̀ ní Gulf of Mexico, níbi tí ilẹ̀ òkun ti ń là láyé àtijọ́. 2014 ni David Sandwell, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e jáde.

Tísà Ìyàrà

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Fìsíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ, ọ̀rọ̀ yìí sì dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n nǹkan kan há mi lọ́fun. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Ìgbì nìkan lè ga ju 2 mítà yẹn lọ. Omi ń kún, ó ń fà, lójoojúmọ́. Àwọn ìṣàn ńlá inú òkun tún ń gbé ojú omi sókè lọ́tọ̀. Inú rúkèrúdò yẹn ni wọ́n ti ń wá òòfà? Ìwọ̀n tó wà níbẹ̀ tó mélòó?

Olókùúta Ògìdì

Tísà, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti le. Ẹ̀yọ tí a fi ń wọ̀n ọ́n ń jẹ́ mGal. 1 mGal jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mílíọ̀nù kan òòfà tó mú wa dúró sílẹ̀. Ẹni tó wọn 70 kìlógíráàmù, tí 1 mGal bá lé e, ohun tó máa fi wúwo sí i kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá gíráàmù kan. Kí sátẹ́láìtì tó lè mọ 1 mGal lójú òkun, ó gbọ́dọ̀ mọ̀ bí ojú omi bá dagun ní mìlímítà kan péré láàárín kìlómítà kan.

Wọn kì í gbára lé gíga, bí ojú omi ṣe ń dagun ni wọ́n ń wá. Èyí ló gbà wọ́n lọ́wọ́ ìkún àti ìfà: omi òkun lè kún ní mítà kan, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún kìlómítà ló jọ gòkè papọ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìdagun níbẹ̀. Ní ti ìgbì, ojú ibi tí rédà ń lù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fẹ̀ tó ọ̀pọ̀ kìlómítà, àìmọye ìgbì ló wà nínú rẹ̀, ìpíndọ́gba wọn ló ń padà. Wọ́n á tún gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, ọdún á gorí ọdún, wọ́n á pa gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ti ìṣàn ńlá ló ń yọni lẹ́nu jù. Èyí tó ń gba ẹ̀bá Amẹ́ríkà kọjá, Gulf Stream, ń gbé ojú omi ga ní nǹkan bí mítà kan láàárín 100 kìlómítà. Ẹ ṣírò rẹ̀, ẹ ó rí i pé ìdagun tirẹ̀ ju ohun tí à ń wá lọ. Wọ́n ń yọ ọ́ kúrò, ṣùgbọ́n àpá rẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀.

Bàbá Nefi, Mọ̀pà

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin ọmọ. Ọkọ̀ ogun ojú omi ni mo ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì, kí n fi tèmi kún un.

Àwọn ológun ló kọ́kọ́ nílò nǹkan yìí. Ọdún 1985 ni àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà gbé sátẹ́láìtì Geosat lọ sókè. Ọkọ̀ abẹ́ omi tó gbé ohun ìjà olóró kò gbọ́dọ̀ yọjú, kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ inú ara rẹ̀ ló fi ń mọ ibi tó wà, òòfà tí kò dọ́gba sì máa ń ṣi ẹ̀rọ náà lọ́nà. Ẹni tó bá mọ òòfà gbogbo ojú òkun, ohun ìjà rẹ̀ kò ní ṣìnà. Ẹ wá rí i pé kì í ṣe ohun tí wọ́n á fi há fún ará ìta. Wọ́n kó o pa mọ́ títí di 1995.

Òmíràn tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀: oṣù kìíní 2005, ọkọ̀ abẹ́ omi Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ San Francisco ń sáré lọ ní gúúsù erékùṣù Guam nínú òkun Pàsífíìkì, ó forí sọ òkè abẹ́ òkun. Òkè náà kò sí nínú máàpù tí wọ́n ń lò. Ọ̀pọ̀ fara pa, ọ̀kan kú. Ẹni tó bá ti wà nínú irin yẹn rí, tí kò sí fèrèsé, tí ẹ ń fi àwòrán bébà rìn, á mọ ìdí tí ẹ̀rù fi ń bà mí tí mo bá gbọ́ irú rẹ̀.

Olókùúta Ògìdì

Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ pẹ́ fún wa. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ tẹ̀ síwájú. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n tú Geosat sílẹ̀ ni pé àwọn ará Yúróòpù ti gbé ERS-1 lọ sókè ní 1991, ní 1994 sí 1995 òun náà sì ti ń wọn gbogbo òkun ní ipa tó súnmọ́ra. Àṣírí ò jẹ́ àṣírí mọ́. Walter Smith àti Sandwell da méjèèjì pọ̀ mọ́ ìwọ̀n ọkọ̀ ojú omi, wọ́n gbé máàpù jíjìn òkun gbogbo ayé jáde ní 1997. Lẹ́yìn ìyẹn, CryoSat-2 tó lọ sókè ní 2010. Yìnyín ni wọ́n ní kó lọ wọ̀n, òkun tó wà lójú ọ̀nà rẹ̀ ló bá wa wọ̀n mọ́ ọn. Jason-1 tó ti darúgbó ńkọ́? Wọ́n ṣí i nípò ní 2012, ó sì fi ọdún kan tó kù fún un ṣe iṣẹ́ òòfà kó tó dákẹ́. Ìwọ̀n àwọn méjèèjì ló bí máàpù 2014.

Ìyá Ìbejì

Ọkùnrin ni gbogbo orúkọ tí ẹ ń dá. Marie Tharp ńkọ́? Òun ló fi ìwọ̀n sónà ya àwòrán ilẹ̀ abẹ́ Àtìláńtíìkì ní àwọn ọdún 1950, òun ló sì rí àfonífojì tó wà láàárín òkè gbọọrọ yẹn, tó fi hàn pé ilẹ̀ ń là níbẹ̀. Bruce Heezen tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀rọ̀ obìnrin lásán ni. Wọn kì í sì í jẹ́ kí obìnrin wọ ọkọ̀ ìwádìí nígbà yẹn, orí tábìlì ló ti yà á. Awẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń pe àwọn awẹ́ òkúta tó para pọ̀ di èèpo ayé, tí wọ́n ń sún. Kékeré kan sì wà lábẹ́ òkun Íńdíà tí máàpù 2014 yẹn jẹ́ kí wọ́n rí. Wọ́n ní ó ti lé ní mílíọ̀nù 47 ọdún tó ti yapa, nígbà tí Íńdíà ń forí gbá Éṣíà. Orúkọ obìnrin ni wọ́n sọ ọ́, Jacqueline Mammerickx, torí iṣẹ́ tó ti ṣe lórí máàpù òkun.

Ìbéèrè tèmi: oṣù kẹta 2024 tí wáyà íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun gé nítòsí Abidjan, tí POS mi ò ṣiṣẹ́, tí mi ò lè fi owó ránṣẹ́ sí ọmọ nílé ìwé, ṣé máàpù òòfà yìí ò lè jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí kò yẹ kí wáyà gbà?

Olókùúta Ògìdì

Ẹ forí jì mí, Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́. Ní ti wáyà, òòfà á sọ fún wọn pé òkè wà lọ́hùn-ún, ọ̀gbun wà níhìn-ín. Kò lè sọ ibi tí ẹrẹ̀ ti fẹ́ yẹ̀. Ọkọ̀ tó ní sónà ló ń lọ ṣáájú wáyà. Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà tí wọ́n ń wá bàálù Malaysia tó sọnù ní 2014. Máàpù òòfà nìkan ló wà fún ọ̀pọ̀ ibẹ̀, wọ́n sì ní láti kọ́kọ́ fi sónà wọn ilẹ̀ kí wọ́n tó lè sọ ẹ̀rọ kalẹ̀.

Awakùsà Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, okun o. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ òkun nìkan. Àwa tí à ń gbẹ́ tantaláìtì lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, àti àwọn tó ń wá góòlù ní Ìsánlú, ṣé sátẹ́láìtì yìí ò lè jẹ́ ká mọ ibi tí à á fi jígà sí? Ẹnì kan wá bá wa láìpẹ́ pé òun ní àwòrán òòfà láti òfurufú, owó tabua ló ń bèèrè.

Olókùúta Ògìdì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Mo ń sọ ọ́ gbangba.

Lójú òkun, omi fúnra rẹ̀ ni ìwọ̀n, torí omi ń ṣàn títí á fi bá òòfà mu. Àpáta Ẹ̀gbẹ̀ kì í ṣàn. Rédà tó bá lu òkè yín, gíga òkè nìkan ló máa sọ. Òótọ́ ni pé àwọn sátẹ́láìtì míì wà tí kò gbára lé ojú omi. GRACE lọ sókè ní 2002, méjì ni, wọ́n ń tẹ̀ lé ara wọn, wọ́n sì ń wọn àyè tó wà láàárín wọn bí òòfà ṣe ń fà wọ́n. GOCE tẹ̀ lé e ní 2009. Ṣùgbọ́n ohun tó kéré jù tí GOCE lè rí fẹ̀ tó nǹkan bí 100 kìlómítà. Gbogbo Yàgbà bọ́ sínú ẹ̀yọ kan ṣoṣo. Ojú iṣan òkúta funfun tí tantaláìtì wà nínú rẹ̀, mítà mélòó ló fẹ̀? Ẹni tó bá fẹ́ fi òòfà wá kùsà, orí ilẹ̀ ló máa gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dúró sí, á máa gbé e láti ibì kan sí ibì kejì, á wọn gíga ibẹ̀ dáadáa. Kódà nígbà yẹn, mi ò rò pé òòfà ló dára jù fún tantaláìtì. Ẹ wá ẹni tó mọ òkúta, tó máa fẹsẹ̀ rìn.

Awakùsà Ẹ̀gbẹ̀

Ọlọ́run ṣé tí mo béèrè.

Ọmọ Ìsánlú

Ọ̀gá, ẹ ò tíì dá mi lóhùn lórí ìbéèrè kejì. Ilà yẹn ńkọ́?

Olókùúta Ògìdì

Mò ń bọ̀ níbẹ̀. Awẹ́ ilẹ̀ tó gbé Áfíríkà àti èyí tó gbé Gúúsù Amẹ́ríkà ń sún kúrò lọ́dọ̀ ara wọn, sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ́dún. Òkè gbọọrọ àárín òkun ni ojú ibi tí wọ́n ti ń là, òkúta yíyọ́ ń ti ìsàlẹ̀ wá, ó ń dì, ó ń di ilẹ̀ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Òkè náà kò lọ tààrà. Ó ṣẹ́ sí wẹ́wẹ́, àgàgà ní agbègbè ìlà agbedeméjì ayé. Níbi tí wọ́n ń pè ní Romanche, orúkọ ọkọ̀ ojú omi Faransé kan, ìdá kan òkè náà fi nǹkan bí 900 kìlómítà jìnnà sí ìdá kejì. Ọ̀gbun ibẹ̀ jìn ju 7,000 mítà lọ.

Láàárín ìdá méjì yẹn, ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan ń lọ sí ìlà oòrùn, tẹ̀gbẹ́ kejì ń lọ sí ìwọ̀ oòrùn, wọ́n ń fara gbo ara wọn. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti ń mì. Oṣù kẹjọ 2016, ilẹ̀ mì ní Romanche, agbára rẹ̀ tó 7.1. Tí o bá ti kọjá ìdá méjèèjì, awẹ́ kan náà ló wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ilà, wọ́n jọ ń lọ síbì kan náà ni. Àpá lásán ló kù. J. Tuzo Wilson, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ ará Kánádà, ló ṣàlàyé èyí ní 1965, kó tó di pé àwọn tó ń wọn ilẹ̀ mímì rí i pé bó ṣe wí ló rí.

Kí ló dé tí àpá yẹn ṣì hàn nínú òòfà? Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ò dọ́gba lọ́jọ́ orí. Ilẹ̀ tó ti pẹ́ ti tutù, ó wúwo sí i, ó sì rì ju èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ. Ibi tí wọ́n ti pàdé, ọ̀kan ga, ọ̀kan rẹlẹ̀, ojú omi òkè sì ń tẹ̀ lé wọn. Ilà tí o rí láti Gánà dé Brazil nìyẹn. Romanche kọjú sí Gánà. Ilà méjì míì, Chain àti Charcot, ló kọjú sí wa, Charcot sì wọ abẹ́ ẹrẹ̀ tí odò Ọya kó wá, èyí tó nípọn ju kìlómítà mẹ́wàá lọ láwọn ibì kan.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ayétòrò

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n. Jíọ́lọ́jì ni mò ń kà. Àwọn olùkọ́ wa kan sọ fún wa pé kò parí sí etíkun. Ojú ìṣẹ́ ilẹ̀ kan wà tó ti Ifẹ̀wàrà lọ sí Zungeru, ẹ̀gbẹ́ Yàgbà ló gbà kọjá. Wọ́n ní ìtẹ̀síwájú àwọn ilà òkun yẹn ni. Nígbà tí ilẹ̀ mì ní Kwoi ní ìpínlẹ̀ Kàdúná ní 2016 àti ní Mpape l'Ábújá ní 2018, ọ̀pọ̀ ló tọ́ka sí i.

Olókùúta Ògìdì

Àbúrò, mo mọ̀ pé wọ́n ń kọ́ yín bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ìwé sì wà lórí rẹ̀. Èmi ò gbà á tán. Wo ọjọ́ orí wọn. Ilẹ̀ abẹ́ òkun tó wà láàárín àwa àti Brazil kò tó mílíọ̀nù 130 ọdún. Àwọn òkè gíráńáìtì wa tí à ń wò yìí tó nǹkan bí mílíọ̀nù 600, àwọn kan nínú àpáta ìpìlẹ̀ Nàìjíríà sì ju bílíọ̀nù méjì lọ. Báwo ni ọmọ ṣe máa wá fa ilà sára baba tó ti wà kó tó dáyé? Tí wọ́n bá tan mọ́ra, àfi kó jẹ́ pé ibi tí ilẹ̀ tiwa ti sán tẹ́lẹ̀ ni Áfíríkà àti Brazil gbà ya nígbà tí wọ́n ń pínyà. Èyí lè rí bẹ́ẹ̀. Àfonífojì Bẹ́núé fúnra rẹ̀ jẹ́ ibi tí ilẹ̀ ti fẹ́ là nígbà yẹn, tí kò wá là tán. Ṣùgbọ́n ká máa na rúlà láti inú òkun wọ Zungeru torí pé ojú wọn jọ kọ síra wọn, ìyẹn ò tó ẹ̀rí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ayétòrò

Ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, baba tó ti wà tẹ́lẹ̀ náà lè tún dápàá lọ́jọ́ alẹ́. Ibi tó ti sán tẹ́lẹ̀ ni agbára tuntun máa ń gbà kọjá. Kí ló wá mú ilẹ̀ mì ní Kwoi, tó jẹ́ pé ibẹ̀ jìnnà sí ààlà awẹ́ ilẹ̀ kankan?

Olókùúta Ògìdì

Ìyẹn ni kó o fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí. Bóyá wà á borí mi. Mo ṣì dúró lórí ohun tí mo sọ.

Tísà Ìyàrà

Ọ̀gá, ṣé rédà tó ń lọ lójú ilà kan ṣoṣo náà ni wọ́n ṣì ń lò? Mo gbọ́ nípa tuntun kan.

Olókùúta Ògìdì

SWOT nìyẹn, ti NASA àti àwọn ará Faransé. Oṣù kejìlá 2022 ló lọ sókè. Àwọn ti tẹ́lẹ̀ ń wọn ibi tó wà tààrà lábẹ́ wọn nìkan, tí wọ́n bá kọjá, àlàfo á wà títí wọ́n á fi gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ míì. SWOT ní ẹ̀rọ rédà méjì tí òpó tó gùn ní 10 mítà wà láàárín wọn. Ó ń fi wọ́n wọn ojú omi tó fẹ̀ tó 120 kìlómítà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọdún kan péré tó fi ṣiṣẹ́, àwòrán rẹ̀ mọ́ ju ohun tí àwọn yòókù kó jọ ní nǹkan bí 30 ọdún lọ. Oṣù kejìlá 2024 ni wọ́n gbé e jáde.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù níbẹ̀ ni àwọn òkìtì kéékèèké tó tò tẹ̀lé ara wọn lábẹ́ òkun. Ọ̀pọ̀ wọn ga ní ọgọ́rùn-ún mítà mélòó kan péré. Àwọn ni wọ́n bo èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ òkun, bẹ́ẹ̀ òòfà ò rí wọn dáadáa rí. Bí ilẹ̀ ṣe ń là ló ń tò wọ́n, wọ́n sì ń dábùú ọ̀nà tí awẹ́ ilẹ̀ gbà lọ. Tí ọ̀nà tí wọ́n gbà tò bá yí padà, a mọ̀ pé awẹ́ ilẹ̀ yí ọ̀nà padà nígbà yẹn. Àwọn òkè oníná kékeré ńkọ́? Ní 2023, kí SWOT tó dé ìdí ọ̀rọ̀, wọ́n ti rí èyí tó lé ní 19,000 tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó ní ibi tó mọ. Òkè tó wà lábẹ́ kìlómítà mẹ́rin omi, kí òòfà rẹ̀ tó dé ojú omi, gbogbo kọ́rọ́ àti igun rẹ̀ ti pa rẹ́. Ohun tó bá kéré ju kìlómítà mélòó kan lọ, kò sí sátẹ́láìtì tó máa rí i láti ojú omi.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ayétòrò

Mo fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ àṣejáde lóòótọ́. Ṣé wọ́n ń ta dátà rẹ̀?

Olókùúta Ògìdì

Ọ̀fẹ́ ni. Ilé ìwádìí Scripps ní California gbé e síta. Má wa gbogbo ayé sílẹ̀, dátà íntánẹ́ẹ̀tì rẹ á tán, gé apá òkun wa nìkan, láti Làìbéríà dé Kamẹrúùnù, kó o sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ kọjá ìlà agbedeméjì ayé. GMT, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya máàpù, ni kó o fi yà á, òun náà ò gba kọ́bọ̀. Wà á rí fáìlì méjì: ti òòfà fúnra rẹ̀, àti èyí tó ń sọ bí òòfà ṣe ń yí padà tí a bá ń gòkè. Èyí kejì ni kó o mú. Ó ń pa àwọn nǹkan ńlá tó wà nísàlẹ̀ gan-an mọ́lẹ̀, etí àwọn ilà á sì yọ síta. Wo ibi tí Charcot ti wọ abẹ́ ẹrẹ̀ odò Ọya, bóyá o ṣì lè tọ ipa rẹ̀. Kó o sì kọ ibi tó ti sọnù mọ́ ọ lójú sínú iṣẹ́ rẹ, má fi rúlà parí rẹ̀ fún wọn.

Ọmọ Ìsánlú

Èmi náà fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ lóru òní tí nẹ́tíwọ̀kì bá wọlé.

Tísà Ìyàrà

Mo tún rí i pé SWOT yẹn ń wọn odò náà, àwọn tó fẹ̀ ju 100 mítà lọ. Odò Ọya ní Lọ́kọ́jà fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ẹ rántí omíyalé 2012 àti ti 2022. Ṣé àwọn ọmọ mi lè fi wo bí omi ṣe ń ga sí i níbi tí Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé?

Bàbá Nefi, Mọ̀pà

Ìyẹn ni kẹ́ ẹ wí. Àwọn ẹbí mi kan kó kúrò nílé ní 2022.

Alábòójútó

Tísà, ọ̀rọ̀ odò tó dá dúró. Ẹ ṣí ìjíròrò míì fún un kí àwọn ará Lọ́kọ́jà lè rí i, kí Olókùúta sì bá wa débẹ̀. Òkun nìkan ni ká fi síbí.

Tísà Ìyàrà

Mo ti ṣí i, ó wà lókè lọ́hùn-ún. Ọmọ Ìsánlú, tí àwòrán rẹ bá jáde, ibí ni kó o gbé e sí o.